Fífi ẹ̀rọ atọ́nà òde òní sínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìmọ̀ yín ràn mí lọ́wọ́

Àrólé Ọkọ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkọ̀ tí bàbá mi rà ní tuntun ní ọdún 1987 ti di tèmi báyìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ara rẹ̀ kò tíì dípẹtà, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà bí ó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni yóò ti bàjẹ́.

Ìrìn-àjò jíjìn pọ̀ fún mi, n kò sì mọ gbogbo ọ̀nà. Mo ti gbé fóònù lé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi rí láti máa fi wo máàpù, mo sì rí i pé ojú tí mo ń gbé kúrò lójú ọ̀nà láti wò ó lè pa ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni mo ra ohun ìgbé-fóònù-lé tí rọ́bà rẹ̀ máa ń fà mọ́ gíláàsì iwájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ó tú, ó já bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì nígbà tí mo wà lórí eré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé inú dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an ni ẹ̀rọ atọ́nà yóò máa gbé.

Àyè rédíò kan péré ni ọkọ̀ náà ní, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wà lábẹ́ ihò afẹ́fẹ́ àárín, àwo eérú sìgá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mítà tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ń lo okùn irin tó ń yí láti inú jíà, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ wo ni yóò gba àyè tí mo ní? Ibo ni kí n ti fa iná tí kò fi ní ṣe ọkọ̀ ní jàǹbá? Báwo sì ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa rí sátẹ́láìtì láti inú dáṣíbọ́ọ̀dù? Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n gbé ayùn sí i.

Rẹwáyà Àgbà

Àbúrò, o kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Kí o tó ra ohunkóhun, mú rúlà lọ́wọ́. Àyè tẹ́ẹ́rẹ́ tí o sọ yẹn ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò: àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1984 gẹ́gẹ́ bíi DIN 75490, òun náà ni ó wá di ISO 7736, ibẹ̀ ni orúkọ "single DIN" tí àwa rẹwáyà ń pè ti wá. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 180, gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50. "Double DIN" kò fẹ̀ jù ú lọ, gíga rẹ̀ ni ó di mìlímítà 100. Ní ọkọ̀ tìrẹ, kò sí bí o ṣe lè fi double DIN síbẹ̀ láìgé nǹkan, nítorí náà mú un kúrò lọ́kàn.

Fífẹ̀ àti gíga kì í tan ènìyàn jẹ. Bí inú àyè náà ṣe jìn tó ni ó máa ń tan ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, àpótí ìgbóná àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rédíò gan-an, wọn kò sì ju ìwọ̀nba àyè tí rédíò ìgbà náà nílò lọ. Yọ rédíò rẹ jáde, ti ọ̀pá kan wọnú ihò náà títí yóò fi kan nǹkan, fi ìka di ojú ibi tó dé, kí o sì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà yọ mìlímítà 30 ó kéré tán kúrò nínú ohun tí o wọ̀n, nítorí pé orí wáyà tó ń wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ àti bí wáyà ṣe ń tẹ̀ gba àyè tiwọn. Ẹ̀rọ tí kò ní ibi tí wọ́n ń ki CD sí máa ń kúrú gan-an ju èyí tó ní i lọ, irú èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ dábàá fún ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó tìrẹ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi ojú ńlá, ibi tí máàpù ti ń hàn, sára ẹ̀rọ single DIN. Nínú ọ̀kan, ojú náà máa ń yọ jáde fúnra rẹ̀, á wá dìde dúró. Nínú èkejì, ojú náà wà níta títí, ó so mọ́ apá kan níwájú ẹ̀rọ. Èyí tó ń dìde kò tẹ́ mi lọ́rùn: bí ó bá ti dìde, ó ń bo ihò afẹ́fẹ́, mọ́tò kékeré tó ń gbé e sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ó máa ń bàjẹ́ nínú èyí tí mo ti tú. Níwọ̀n ìgbà tí àyè rédíò rẹ wà lókè àwo eérú, wá èyí tó so mọ́ apá, tí wọ́n lè sún apá rẹ̀ wálẹ̀, kí ojú náà lè bo àwo eérú dípò kí ó bo afẹ́fẹ́. Wò ó dáadáa kí o tó sanwó bóyá kò ní ṣèdíwọ́ fún ọwọ́ jíà nígbà tí o bá fi jíà sí ipò tó sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù jù.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Kékeré

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nítorí àwọn tí yóò ka èyí tí ọkọ̀ wọn dàgbà ju ti Àrólé lọ. Ọkọ̀ tèmi jẹ́ ti 1964, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, pósítíìfù bátìrì rẹ̀ ni ó so mọ́ irin ara ọkọ̀, kì í ṣe nẹ́gétíìfù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí títí di ìdajì kejì ọdún 1960 sí 1969. Ẹ̀rọ òde òní ń retí pé kí nẹ́gétíìfù jẹ́ irin ara ọkọ̀, àpò irin rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì so mọ́ nẹ́gétíìfù. Ẹni tó bá dè é mọ́ irú ọkọ̀ tèmi bí ẹni ń de rédíò lásán, ìgbà tí àpò irin ẹ̀rọ náà bá fara kan irin dáṣíbọ́ọ̀dù ni iná yóò já pọ̀, wáyà tí kò bá sì ní fíúsì yóò jóná.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fóltì 12 di fóltì 5, irú èyí tí ẹnu ọ̀nà iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kò so mọ́ra wọn rárá nínú rẹ̀. Mo fi gbogbo ara rẹ̀ sínú ike, mo sì fi bọ́ ẹ̀rọ atọ́nà kékeré tí kì í kan irin ọkọ̀ níbikíbi. Bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ ti fóltì 6, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan náà wà fún un, èyí tó ń gba 6 wọlé.

Èkejì ni dáínámò, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná. Ọkọ̀ mi kò ní alternator, èyí tó wá rọ́pò dáínámò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra sáré lójú kan, dáínámò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pèsè iná kankan, bátìrì ni ó ń gbé gbogbo ẹrù. Lóru tí iná iwájú, ohun ìnugíláàsì àti ẹ̀rọ atọ́nà bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀, mo máa ń rí abẹ́rẹ́ mítà iná tó ń rọra wálẹ̀. Nítorí náà mo yan ẹ̀rọ kékeré, n kò sì kábàámọ̀.

Àrólé Ọkọ̀

Ẹ ṣeun, ìyá mi. Mo yẹ tèmi wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: nẹ́gétíìfù ni ó so mọ́ irin, alternator ni ó sì ní. Mo wọn inú àyè rédíò náà, mìlímítà 155 ni ọ̀pá wọlé kí ó tó kan ọ̀nà afẹ́fẹ́. Rédíò tí mo yọ ní wáyà mẹ́fà lẹ́yìn, ẹnìkan ti gé orí wọn kúrò tipẹ́, ó fi téèpù dì wọ́n, téèpù náà sì ti ń yọ́ bí oyin. N kò mọ èwo ni èwo.

Rẹwáyà Àgbà

Ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an la dé yìí, n ó sì rọ̀ ọ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Má gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ wáyà nínú ọkọ̀ náà. Àwọ̀ tó wà lára wáyà ẹ̀rọ tuntun ni o lè gbẹ́kẹ̀lé dé ìwọ̀n kan: yẹ́lò ni iná tó ń wà nígbà gbogbo, pupa ni iná tó ń wá nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì (irin ara ọkọ̀ tí iná ń gbà padà sí bátìrì), àwọ̀ ọsàn ni iná alẹ́. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ lè jẹ́ ohunkóhun, pàápàá níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti dé. Bí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ ti Jámánì, ìwọ yóò rí nọ́ńbà lára ibi ìsowáyà: 30 ni iná ìgbà gbogbo, 15 ni ti kọ́kọ́rọ́, 31 ni ẹ́ẹ̀tì, 58 ni ti iná alẹ́. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í parọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá ti pààrọ̀ wáyà lórí rẹ̀.

Fi mítà tí a fi ń wọn fóltì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi ẹsẹ̀ dúdú mítà kan irin tó mọ́, tí kò ní ọ̀dà, fi ẹsẹ̀ pupa kan ojú wáyà. Wáyà tó bá fi nǹkan bíi fóltì 12.6 hàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ ni ti ìgbà gbogbo. Èyí tó bá wà ní òdo, tó wá fò sókè nígbà tí o yí kọ́kọ́rọ́, ni ti kọ́kọ́rọ́. Tan iná alẹ́ kí o mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bí o ti ń mọ̀ wọ́n, fi bébà kékeré kọ orúkọ wọn, kí o sì so ó mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe fa iná ẹ̀rọ tuntun láti ara wáyà rédíò àtijọ́ yẹn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ ní 1987 jẹ́ fún rédíò tí kì í jẹ iná púpọ̀, ẹ̀rọ tó ní ojú ńlá tó sì tún ń gbé ohùn sókè lè béèrè áḿpù 10 nígbà tí ohùn bá lọ sókè. Fa wáyà tuntun láti orí bátìrì, kí o fi fíúsì sí i ní ibi tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí bátìrì lọ, kí o sì jẹ́ kí ìwọ̀n fíúsì náà bá èyí tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kọ sínú ìwé mu. Fíúsì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ń dáàbò bo ẹ̀rọ. Èyí tó wà lẹ́bàá bátìrì ni ó ń dáàbò bo ọkọ̀, nítorí pé ibi tí wáyà ti gba inú irin kọjá wọ inú ọkọ̀ ni ó ti máa ń bó. Fi rọ́bà sí ẹnu ihò tó bá gbà kọjá. Mo ti rí ọkọ̀ kan tí wáyà rẹ̀ fi ọdún méjì ń ha ara rẹ̀ mọ́ etí irin kí ó tó wá jó, kò sì sí fíúsì kankan láàárín rẹ̀ àti bátìrì.

Wáyà ti kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹnu kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́ ti rẹ̀, kò yẹ kí a di ẹrù tuntun rù ú. Riléè kékeré, ìyẹn súwíìsì tí iná díẹ̀ ń tàn, ni kí o lò, nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀: fi wáyà kọ́kọ́rọ́ sí 86, ẹ́ẹ̀tì sí 85, iná bátìrì tó ti gba fíúsì kọjá sí 30, kí 87 sì máa lọ sí wáyà pupa ẹ̀rọ. Báyìí, kọ́kọ́rọ́ kàn ń jí riléè ni, riléè ni ó ń gbé ẹrù.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ṣé kò ní rọrùn kí a kàn so yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ iná ìgbà gbogbo, kí a máa fi bọ́tìnnì pa ẹ̀rọ náà?

Rẹwáyà Àgbà

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bíi tìrẹ, ó sì kó ìtìjú bá mi lọ́dọ̀ oníbàárà. Ẹ̀rọ náà kò sùn rárá. Bọ́tìnnì ń pa ojú rẹ̀ ni, inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n, áḿpù 0.3 ni ó ń fà. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀: láàárín wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ áḿpù-wákàtí 7.2, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ áḿpù-wákàtí 45. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí ìdajì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ọkọ̀ kò jí. Bí a bá dè é bó ṣe yẹ, ohun tí ẹ̀rọ yóò máa fà lójú oorun kò yẹ kí ó ju mìlíáḿpù díẹ̀ lọ, gbogbo ọkọ̀ lápapọ̀ kò sì yẹ kí ó kọjá mìlíáḿpù 50.

Ẹ má sì gé yẹ́lò kúrò pátápátá nítorí èyí. Òun ni ẹ̀rọ fi ń rántí ibi tó wà kẹ́yìn, aago rẹ̀, àti ọ̀nà tí àwọn sátẹ́láìtì ń gbà. Ẹ̀rọ tí kò bá rántí nǹkan kan ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn wọn látìbẹ̀rẹ̀. Ìròyìn kíkún nípa gbogbo àwọn sátẹ́láìtì GPS ń gba ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ kí ó tó parí.

Kí n tó gbàgbé: bí o bá fẹ́ lo gbohùngbohùn tó wà nínú ọkọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nẹ́gétíìfù wọn so pọ̀ tàbí ó so mọ́ irin ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ láti dín wáyà kù. Ẹ̀rọ òde òní kò gbà á. Wáyà méjèèjì gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá tààrà sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ọ̀kankan má sì kan irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tó ń gbé ohùn sókè nínú rẹ̀ yóò kú.

Aránṣọ Ìjókòó

Iṣẹ́ inú ọkọ̀ ni mò ń ṣe, igi, awọ àti ike. Ayọ̀ ni ó jẹ́ fún mi láti gbọ́ pé o kò fẹ́ gé e. Ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé wá sí iwájú mi ni ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ gbígbóná là sí méjì nítorí ẹ̀rọ tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó di èyí tí kò wúlò mọ́, dáṣíbọ́ọ̀dù náà kò sì sí ní títà mọ́ níbikíbi.

Ike tó ti lo ogójì ọdún lábẹ́ oòrùn ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ìkọ́ kéékèèké tó di ojú àyè rédíò mú ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ bí o bá fi irin tú u. Má ṣe é ní òwúrọ̀ tútù. Jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sínú oòrùn díẹ̀, tàbí kí o gbé aṣọ tí a fi omi gbígbóná rẹ, tí a sì fún dáadáa, lé ojú ike náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí o wá fi ọ̀pá ike pẹlẹbẹ wọ abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí o máa gbọ́ dídún rẹ̀. Bí ó bá dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, ìkọ́ ti tú. Bí ó bá ń dún fínfín, dúró, súkúrù kan wà tí o kò tíì rí.

Bí ẹ̀rọ tuntun bá fi àlàfo sílẹ̀ létí, má fi gọ́ọ̀mù dí i. Fi páálí gé àwòrán àlàfo náà títí yóò fi bá a mu gẹ́lẹ́, kí o wá fi páálí náà gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike, kí o fi awọ tó jọ ti dáṣíbọ́ọ̀dù bò ó. Ihò súkúrù tó ti wà tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí o lò. Ẹ̀rọ tó ní ojú níta wúwo níwájú, ó máa ń gbọ̀n lórí ọ̀nà tí kò dán. Nítorí náà fi irin pẹlẹbẹ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ara dáṣíbọ́ọ̀dù nínú lọ́hùn-ún, kó má jẹ́ pé ike iwájú nìkan ni ó gbé e ró.

Fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí a rí ẹ̀rọ náà rárá, àwọn kan wà tí wọ́n ṣe lọ́nà tí ojú rẹ̀ fi jọ rédíò àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì yíyí méjì. Ilé-iṣẹ́ Porsche ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2020 ní ojú ínṣì 3.5, ó sì wọ inú àyè single DIN. Ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó bá ọkọ̀ náà mu, ohùn sì ń sọ ibi tí a ó yà sí.

Awòràwọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì, nítorí ibẹ̀ ni ìfẹ́ mi wà. Nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè ni àwọn sátẹ́láìtì GPS wà, ohùn wọn sì ti rẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ nílò láti gbọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó lè sọ ibi tó wà àti bó ṣe ga tó. Irin ń dí ohùn náà pátápátá; ike, igi, awọ àti gíláàsì lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i. Ní ti èyí, ọkọ̀ àtijọ́ sàn ju tuntun lọ, nítorí pé gíláàsì àwọn ọkọ̀ tuntun kan ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú láti dá ooru padà, tìrẹ kò sì ní in.

Ẹ́ńtẹ́nà kékeré onígun mẹ́rin tó bá ẹ̀rọ náà wá ni kí o gbé sí abẹ́ ike òkè dáṣíbọ́ọ̀dù, ní ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú, kí ojú rẹ̀ kọ sí òkè. Fi ọwọ́ wá inú ibẹ̀ kí o tó lẹ̀ ẹ́: bí irin kan bá gba òkè rẹ̀ kọjá, sún un. Bí òkè dáṣíbọ́ọ̀dù bá jẹ́ irin lódindi, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú ọdún 1970, orí rẹ̀ níta ni ẹ́ńtẹ́nà yóò wà, ní igun. Má ká wáyà rẹ̀ tó kù pọ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, má sì tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ tó mú. Wáyà náà ni iná kékeré tí ẹ́ńtẹ́nà fi ń ṣiṣẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dán an wò níta gbangba kí o tó da ike padà.

Ní ti eré ọkọ̀, ìwé ẹ̀rọ yóò sọ fún ọ pé kí o so wáyà kan mọ́ ibi tó ń ka eré. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ń lo okùn irin kò ní irú rẹ̀. Fi wáyà náà sílẹ̀, kí o di orí rẹ̀. Ẹ̀rọ yóò máa mọ eré láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Ibi tí ìwọ yóò ti rí ìyàtọ̀ ni inú ihò òkè gígùn, tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé, níbi tí àwòrán ọkọ̀ rẹ yóò ti dúró títí o fi jáde.

Bí o bá fẹ́ ra àlòkù, bi wọ́n bóyá wọ́n ti sọ ohun tó ń darí inú rẹ̀ dọ̀tun. GPS ń ka ọ̀sẹ̀ dé 1,024, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọn kò tún ṣe ṣì ń rò pé ogún ọdún sẹ́yìn ni a wà. Kí o sì yan èyí tó ń gbọ́ ju GPS ti Amẹ́ríkà nìkan lọ: Galileo ti ilẹ̀ Yúróòpù, GLONASS ti Rọ́ṣíà àti BeiDou ti Ṣáínà. Láàárín ilé gíga, iye tó ń gbọ́ ni ó ń gbà á là. Wá máàpù tó lè gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, irú èyí tí wọ́n ń fà láti inú OpenStreetMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Kékeré

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi. Wáyà kan wà tí wọ́n ní kí a so mọ́ bíréèkì ọwọ́, kí fídíò má baà lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé kí o kàn dè é mọ́ irin, kí o máa wo ohun tó wù ọ́. So ó mọ́ bíréèkì bó ṣe yẹ, ọmọ mi. Nítorí kí ojú rẹ lè wà lójú ọ̀nà ni o ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Àrólé Ọkọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì fẹ́ jíyìn fún yín. Mo rí ẹ̀rọ single DIN kan tí kò ní ibi CD, inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 100 lọ, ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 7. Mo sún apá rẹ̀ wálẹ̀ bí bàbá ṣe wí; ó bo àwo eérú, kò kan ihò afẹ́fẹ́, ọwọ́ jíà sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkàn án. Mo fi aṣọ gbígbóná ṣe ike náà bí Aránṣọ ṣe kọ́ mi. Ìkọ́ mẹ́rin ni ó ní, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo yọ láìṣẹ́ ọ̀kan. Mo fa wáyà tuntun láti bátìrì pẹ̀lú fíúsì lẹ́bàá rẹ̀, mo lo riléè. Ohun tí ẹ̀rọ ń fà nígbà tí ọkọ̀ bá sùn jẹ́ mìlíáḿpù 9. Ó rí sátẹ́láìtì 14 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e síta.

Ìṣòro méjì ni mo ní. Ohùn kan ń ké fííí nínú gbohùngbohùn, ó sì ń ga sí i bí mo bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì lè sáré sí i. Lóru, ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ jù, ó ń tàn sára gíláàsì.

Rẹwáyà Àgbà

O káre. Ohùn tó ń bá ẹ́ńjìnnì gòkè jẹ́ ti alternator, ẹ́ẹ̀tì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Níbo ni o so wáyà dúdú mọ́? Bí ó bá jẹ́ ara súkúrù dáṣíbọ́ọ̀dù, tú u, wá irin ara ọkọ̀ gan-an, ha ọ̀dà ibẹ̀ títí yóò fi dán, kí o fi bóòtù dè é típẹ́típẹ́. Ká ní ohùn tó ń dún tàtàtà ni, tó ń bá púlọ́ọ̀gì rìn, n ó ti sọ pé kí o wo wáyà púlọ́ọ̀gì bóyá ti irin lásán ni, kí o pààrọ̀ wọn sí èyí tó ń dí ariwo. Ní ti ìmọ́lẹ̀ alẹ́, wáyà àwọ̀ ọsàn ni o kò tíì so.

Àrólé Ọkọ̀

Ara súkúrù dáṣíbọ́ọ̀dù ni lóòótọ́. Mo ti tú u, mo ha irin kan lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú títí ó fi dán bí ṣíbí, mo dè é síbẹ̀, ohùn náà sì dákẹ́ pátápátá. Mo so wáyà àwọ̀ ọsàn mọ́ èyí tí mo kọ "iná alẹ́" sí lára. Nígbà tí mo tan iná iwájú lánàá, ojú ẹ̀rọ rẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bá iná àwọn mítà dọ́gba. Rédíò bàbá mi wà nínú àpótí báyìí pẹ̀lú súkúrù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi bébà kan sínú rẹ̀ tó sọ wáyà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, fún ẹni tí yóò bá fẹ́ dá a padà.